Ìlà Kẹta

Ewé kan ṣoṣo lórí igi rẹ̀ tín-ín-rín,
kò yẹ̀ka, kò léyín létí,
ó gùn, ó tẹ́, ó tutù bí ahọ́n ẹran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mumi tán.
Wọ́n ń pè é ní Ahọ́n-Àgbọ̀nrín.
Kò tanná rí, kò so rí,
eruku abẹ́ ewé ló fi ń bímọ.
Irú rẹ̀ tó wà láyé ju ẹgbẹ̀ta lọ,
wọ́n sì jọra bí omi tí a bù nínú ìkòkò kan náà.

Deifilia Quizhpe ló ń kọ́ mi láti yà wọ́n sọ́tọ̀
ní yàrá kẹta ilé ewé gbígbẹ, ní Loja,
níbi tí òórùn káfúrà ti ń ta ni nímú,
tí òjò òkè ń fìka kan fèrèsé láti àárọ̀.
"Má wo ewé," ó ní, "ewé a máa purọ́.
Ìdí ni kó o wò. Wo ìpẹ́."

Mo gbé awò sójú.
Ìpẹ́ ni lóòótọ́, wẹ́wẹ́, ó gorí ara wọn bí ti ẹja.
Mo ṣí ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ:

1. Bí ìpẹ́ bá pupa bí irin tó dógùn-ún, lọ sí ìlà kejì.
Bí ó bá dúdú tó ń dán, lọ sí ìlà kẹsàn-án.
2. Bí etí ìpẹ́ bá nírun, lọ sí ìlà kẹta.
Bí kò bá nírun, padà sẹ́yìn, ojú rẹ ló rẹ̀.
3. Bí ewé kò bá gùn ju ìka àárín rẹ lọ:
Rosaura.

Rosaura lorúkọ ìyá rẹ̀.
Ọdún tí wọ́n sin ín ló já ewé náà,
ó ṣì wọ dúdú nígbà tó ń gun òkè.

Arsenio Japón ló kó wa dé ìdí igi ọ̀hún,
Arsenio tó ń ru àkàsọ̀, tí orúnkún ń ké lábẹ́ rẹ̀.
Kò sọ̀rọ̀. Ó kàn nawọ́ sókè.
Lápá ibi tí oòrùn ti ń tàn, ewé gígùn, ìpẹ́ dúdú.
Lápá ibi tí ìkùukùu ń sùn sí, ewé kúkúrú, ìpẹ́ pupa.
Deifilia fi àtàńpàkò tọ ìdí wọn lábẹ́ ewédò
láti ọ̀kan dé èkejì,
bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ lára aṣọ.
Kò já níbì kankan.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Ó wo ilé nígbà náà, mo mọ̀ pé ó wò ó;
ẹ̀gbẹ́ kan ilé ló rí.

Òfin wa ni pé orúkọ tó dàgbà ló ń jẹ.
Èyí tó dàgbà, àlejò kan ló fún un lórúkọ,
ẹni tí òjò òkè wa kò pa rí,
tó jókòó nílùú òtútù, tó ṣí àpótí, tó rí ewé gbígbẹ.
Deifilia gbẹ́ lẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó tún un gbẹ́.
Ó kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ ìyá rẹ̀, lẹ́tà kéékèèké:
*ọ̀kan náà ni wọ́n.*

Mo ní, "Ìyá, ṣé kò dùn yín?"
Ó ní, "Nínú orúkọ méjèèjì, èwo ni ewé náà ti jẹ́ rí?"
Lẹ́yìn náà ló bọ́ awò, tó nu ún, tó nu ún,
awò tí kò dọ̀tí.
"Pa ìlà kẹta rẹ́."

Mo pa á rẹ́. Rọ́bà náà fa ìwé ya díẹ̀.
Ẹni tó bá ti ìlà kejì bọ̀ báyìí,
á bá ihò pàdé.

Arsenio yọjú lẹ́nu ọ̀nà, fìlà rẹ̀ ń kán omi sílẹ̀.
Ó ní ṣé Rosaura ti gbẹ,
àbí kí òun pààrọ̀ ìwé ìròyìn abẹ́ rẹ̀?
Èmi wo Deifilia.
Deifilia ní, "Pààrọ̀ ẹ̀. Ó ṣì tutù."